Ṣé ó ṣeé fi kún? Lẹ́tà yín lórí mẹ́mọ́rì káàdì àwòrán

Lẹ́tà márùn-ún ni mo yọ sọ́tọ̀ nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Káàdì àwòrán, tí ọ̀pọ̀ yín ń pè ní graphics card, ni gbogbo wọn ń sọ, mẹ́mọ́rì orí rẹ̀ sì ni ó ń jẹ yín lọ́kàn. Láti 1993 ni mo ti ń tú kọ̀ǹpútà tí mo sì ń tò ó padà. Ojú mi ni ó ṣe tí ohun tí ọmọdé lè fi ìka ṣe fi di ohun tí àgbà oníṣẹ́ ń bẹ̀rù, ó sì ń dùn mí di òní. Ẹni àkọ́kọ́ ni n ó bá sọ̀rọ̀ pẹ́ jù, torí ìbéèrè tirẹ̀ ni gbòǹgbò àwọn tó kù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, àwòrán 3D ni mò ń kọ́, ètò Blender ni mo sì ń lò. Káàdì mi ni RTX 3070, mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 8GB. Bí mo bá ti kó igi àti ilé púpọ̀ sínú iṣẹ́ kan, ẹ̀rọ á ní mẹ́mọ́rì ti tán. Ráàmù kọ̀ǹpútà mi jẹ́ 16GB tẹ́lẹ̀. Mo wá òmíràn kún un, mo tì í bọ ihò, ó di 32GB láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ló dé tí káàdì àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi ní RTX 3080 kan tó ti kú, 10GB ni. A tú fáànù rẹ̀, mo sì rí ojú ibi méjì lórí bódù tó ṣófo, tí àmì kéékèèké lẹ́ẹ̀dì, òjé tí wọ́n fi ń lẹ ṣípù mọ́ bódù, wà níbẹ̀ bíi pé ṣípù ló yẹ kó jókòó síbẹ̀. Ṣé a ò lè wá ṣípù méjì kí a fi síbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bí o ṣe rò ó yẹn gan-an ló rí nígbà kan.

Ní 1996, ọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi. Ìwé ìpolówó ló fi ń ṣe. Ojú àwọn ènìyàn inú àwòrán rẹ̀ máa ń yọ kẹ́lẹkẹ̀lẹ lórí síkírínì, torí bí ó bá ti gbé e sí 1024 × 768, àwọ̀ 256 péré ni ẹ̀rọ náà lè fi hàn. Mo ṣí àpótí rẹ̀. Káàdì S3 Trio64 ló wà nínú rẹ̀, 1MB ló bá dé láti ilé iṣẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ṣípù rẹ̀ tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Mo fi ìka tẹ ṣípù kan wọlé, ó dún kẹ́. Mo tẹ èkejì, ó dún kẹ́. Kò sí lẹ́ẹ̀dì, kò sí iná. A tan ẹ̀rọ, ó kọ 2MB, àwọ̀ 256 sì di 65,536. Ọkùnrin náà sún mọ́ síkírínì títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Síkírínì 1024 × 768 ní píksẹ̀lì 786,432, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì kan, tí í ṣe àwọ̀ 256, 1MB gbà á, àyè sì ṣẹ́kù. Bí ó bá gba báìtì méjì, 1,572,864 ni, 1MB kò lè gbà á mọ́. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ti mọ iye píksẹ̀lì àti iye àwọ̀ tó ń fẹ́ ti mọ iye mẹ́mọ́rì tó ń wá.

Kì í ṣe káàdì yẹn nìkan. Káàdì EGA tí IBM gbé jáde ní 1984 ń bá 64KB dé, bódù kékeré kan sì wà tí wọ́n ń so mọ́ ọn láti gbé e dé 256KB. Matrox Millennium ti 1995 náà ní bódù tí wọ́n ń gbé gùn ún, 2MB rẹ̀ sì lè di 8MB. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, àwọn káàdì ATI kan wà tí ihò wọn jọ ihò ráàmù láptọ́ọ̀pù. O kàn máa ti pátákó kékeré bọ̀ ọ́ ni.

Ìyára ló fòpin sí i. Wo káàdì tìrẹ. Wáyà 256 ló ń gbé dátà láàárín mẹ́mọ́rì àti GPU, ṣípù ńlá tó ń ṣe ìṣirò àwòrán, ọ̀kọ̀ọ̀kan wáyà náà sì ń gbé bíìtì, ìyẹn 1 tàbí 0, bílíọ̀nù 14 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, bíìtì mẹ́jọ sí báìtì kan, 448GB ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ráàmù DDR4-3200 méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kò gbé ju 51.2GB lọ láàárín àkókò kan náà. Káàdì rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po mẹ́sàn-án yá jù wọ́n lọ.

Ní ìyára bẹ́ẹ̀, bíìtì kan kì í lò ju nǹkan bíi picosecond 71 lọ lórí wáyà. Pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni picosecond. Láàárín 71 irú rẹ̀, iná tó ń gbé dátà kò rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lórí bódù. Kí bíìtì kan tó dé ọ̀dọ̀ GPU, òmíràn ti wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí wáyà kan náà, òmíràn sì ti tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Bí nǹkan kan bá wá yí ọ̀nà náà padà díẹ̀, ẹsẹ̀ irin sọ́kẹ́ẹ̀tì ni o, tàbí ibi tí irin méjì kàn fara kan ara wọn lásán, apá kan lára iná náà á ta padà bí ohùn ṣe ń ta padà nínú yàrá òfìfo. Á lọ kọlu bíìtì tó ń bọ̀ lẹ́yìn, GPU á sì ka 1 sí 0. Ráàmù lásán lè fara da ihò tí o tì í bọ̀ torí pé bíìtì bílíọ̀nù 3.2 péré ni wáyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi kó ṣípù mẹ́mọ́rì yí GPU ká tímọ́tímọ́, tí wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ wọ́n mọ́ bódù. Abẹ́ ṣípù GDDR6 kan ṣoṣo, irú mẹ́mọ́rì tó wà lórí káàdì rẹ, ní bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀dì 180. Bí o bá tún fojú sí bódù ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, wàá rí àwọn ìlà wáyà kan tó ń wọ́ kiri bí ejò láàárín ṣípù àti GPU. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wọ́ wọn bẹ́ẹ̀ kí gbogbo wọn lè gùn dọ́gba ni, kí àwọn bíìtì tó jọ gbéra lè jọ dé. Mo fẹ́ràn kí n máa fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, torí ọ̀pọ̀ ń rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Àwọn kan tilẹ̀ ti lọ jìnnà ju ìyẹn: lórí Radeon R9 Fury X tí AMD gbé jáde ní 2015, mẹ́mọ́rì HBM wà lórí pákó kan náà pẹ̀lú GPU, wọ́n tò ó lé ara wọn bí ilé alájà, wáyà 4,096 ló sì so wọ́n pọ̀. Kò sí irin ìjólẹ́ẹ̀dì tó máa dé ibẹ̀.

Ojú ibi méjì tó ṣófo yẹn wá ńkọ́? Bódù RTX 3080 ní àyè ṣípù 12, torí irú bódù kan náà ni wọ́n ń lò fún káàdì tó jù ú lọ. Lórí ti 10GB, ṣípù 10 ni wọ́n fi sí i, 1GB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú GPU tó wà láàárín rẹ̀ ní ẹnu-ọ̀nà mẹ́mọ́rì 12, ṣùgbọ́n kí èyí tó kúrò nílé iṣẹ́ ni wọ́n ti pa 2 nínú wọn, inú GPU gan-an ni wọ́n sì ti pa á. Bí o bá lẹ ṣípù méjì mọ́ àyè yẹn, ńṣe lo kọ́ yàrá sẹ́yìn ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn. RTX 3080 ti 12GB tó jáde ní 2022 kò ti ara bí ẹnìkan ṣe kún àyè wá. GPU tí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ méjèèjìlá ṣí ni wọ́n fi sí i.

Síbẹ̀, n ò ní fi ohun tó ń bí mi nínú pa mọ́ fún ọ. Lílẹ̀ ẹ́ mọ́ bódù pọn dandan, mo gbà. Kíkéré rẹ̀ ni kò pọn dandan. Ní 2023, RTX 4060 Ti jáde ní 8GB, ó sì tún jáde ní 16GB. GPU kan náà, wáyà 128 kan náà. Ṣípù ni wọ́n fi sí iwájú àti ẹ̀yìn bódù. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Káàdì tí kò lè dàgbà máa ń dá ẹni tó rà á padà sọ́jà kíákíá, àwọn tó ń ṣe é kò sì ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí kí ó tó ra káàdì, mo máa ń sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ wo mẹ́mọ́rì rẹ̀ kí ó tó wo bí ó ṣe yá tó, torí káàdì tí kò yá á jẹ́ kí o dúró, ṣùgbọ́n èyí tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò tó á kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni.

Ní ti 8GB tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, ohun tí o lè ṣe pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Síkírínì kọ́ ló ń gba àyè mọ́ bíi ti ìgbà tèmi. Àwòrán 3840 × 2160 kan, báìtì mẹ́rin fún píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kò ju nǹkan bíi 32MB lọ. Àwọn àwòrán tí o fi bo ara igi àti ògiri, texture tí ẹ ń pè é, ni ó ń gba àyè. Texture kan tó jẹ́ 8192 × 8192 gba 256MB bí a kò bá fún un pọ̀. Gé e sí 4096 × 4096, ó di 64MB. Gé e sí 2048 × 2048, ó di 16MB. Ká ní irú mẹ́rin ni o fi bo igi kan, èyí tó fún un ní àwọ̀, èyí tó fún un ní gbágungbàgun, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, igi kan ṣoṣo ti gba 1GB nínú 8GB rẹ. Igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò nílò ju 2048 lọ, mo fi dá ọ lójú. Nínú Blender, wọ Render Properties, ṣí Simplify, wàá rí Texture Limit níbẹ̀. Gbogbo wọn ló máa dín kù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní fọwọ́ kan fáìlì rẹ.

Ibi tí igi bá ti pọ̀, má fi Shift+D dà á kọ mọ́. Alt+D ni kí o lò, kí gbogbo igi náà lè jọ máa lo ìrísí kan ṣoṣo nínú mẹ́mọ́rì. Bí ó bá sì kọ̀ jálẹ̀, yí Cycles, apá Blender tó ń ya àwòrán náà jáde, kúrò lórí GPU, gbé e sórí CPU, ṣípù àgbà kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Á pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ráàmù 32GB tí o fi ọwọ́ ara rẹ kún ni á máa lò, iṣẹ́ náà á sì parí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù fún ọmọ mi. Ẹni tó tà á ní káàdì àwòrán rẹ̀ jẹ́ GTX 1050 Ti, pé 12GB ni. Ó ṣí Task Manager fi hàn mí, mo sì rí 12GB níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ mi ní 4GB ni, pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ọmọ yín ni, mà. Ẹ ní kí ó ṣí Task Manager, kí ó tẹ Performance, kí ó tẹ GPU nísàlẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Dedicated GPU memory ni ti káàdì gan-an, 4GB ni ẹ máa rí. Shared GPU memory ni ìdajì ráàmù kọ̀ǹpútà tí Windows ní káàdì lè yá lò bí tirẹ̀ bá tán. Bí ráàmù yín bá jẹ́ 16GB, 8GB ni ìdajì rẹ̀. Ìlà kẹta ro méjèèjì pọ̀, ó di 12GB, òun sì ni ẹni yẹn fi ìka tọ́ka sí.

Èyí tí à ń yá kò dà bí èyí tó jẹ́ tẹni. Mẹ́mọ́rì orí GTX 1050 Ti ń gbé 112GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ọ̀nà PCIe 3.0 tó gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ráàmù kò gbé ju nǹkan bíi 16GB lọ. Bí géèmù ọmọ yín bá ti kọjá 4GB, ẹ ó rí i tí á máa dúró, tí á máa fò. Ibi tí ọ̀nà ti há nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò lónìí, kí ọjọ́ tó lọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ayédèrú ti wà tó jẹ́ káàdì àtijọ́ bíi GTS 450 ti 2010 ni wọ́n kọ BIOS mìíràn, ètò kékeré inú káàdì tó ń sọ irú èyí tó jẹ́, sínú rẹ̀, kí ó lè máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní GPU-Z sórí ẹ̀rọ náà, ọ̀fẹ́ ni. Bí káàdì náà bá jẹ́ irú èyí tó mọ̀, á kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ gbé e padà tọ ẹni tó tà á fún yín lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù mi kò ní káàdì tirẹ̀, Intel inú CPU ni mò ń lò. Fídíò kan ní kí n wọ Registry, ibi tí Windows ń kọ ìtò rẹ̀ pamọ́ sí, kí n kọ DedicatedSegmentSize síbẹ̀, kí n fi 512 sí i, pé VRAM mi, ìyẹn mẹ́mọ́rì àwòrán, á pọ̀ sí i. Géèmù tó ń kọ̀ láti ṣí ti ń ṣí báyìí, àmọ́ ó ń wọ́ bí ìgbín.

Ìdáhùn: Kò fi nǹkan kan kún un, àbúrò. Nọ́ńbà tí géèmù ń bi ẹ̀rọ léèrè nìkan ló yí padà. Géèmù bi í pé mélòó lo ní, ó ní 512MB, géèmù gbà á gbọ́, ó sì wọlé. Má ṣe gba fáìlì kankan tó bá ní òun máa fi VRAM kún ẹ̀rọ rẹ. Kò sí èyí tó lè ṣe é, àwọn míì sì ń gbé kòkòrò bọ inú kọ̀ǹpútà.

Àmọ́ ìwọ gan-an ni ẹni tí mo ní ìròyìn ayọ̀ fún nínú ẹ̀yin márààrún. Ráàmù kọ̀ǹpútà ni Intel yẹn ń lò bíi mẹ́mọ́rì àwòrán, ìyẹn sì ṣì ṣeé fi ọwọ́ kún. Ṣí Task Manager, tẹ Memory, wo ibi tó kọ Slots used. Bí ó bá kọ 1 of 2, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ojú ọ̀nà kan ló sì ń gbà: 25.6GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí ó bá jẹ́ DDR4-3200. Wá ìkejì rẹ̀ tó bá a dọ́gba, ojú ọ̀nà á di méjì, á di 51.2GB. Mo ti rí i lójú ara mi tí géèmù tó ń fò di èyí tó ń rìn geere lẹ́yìn ẹyọ ráàmù kan. Bí àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù rẹ bá ti lẹ ráàmù mọ́ bódù, tí kò sí ihò, ibẹ̀ ló parí sí o.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe bódù, ó ti pé ọdún kan. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń yọ ṣípù 1GB lórí RTX 3070, wọ́n ń fi ti 2GB rọ́pò rẹ̀, káàdì á di 16GB. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n máa gbà á lọ́wọ́ oníbàárà?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Láti 2021 ni wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe lórí RTX 3070, wọ́n sì ti sọ RTX 2080 Ti tó jẹ́ 11GB di 22GB pẹ̀lú. Ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ náà á fẹ́ gbọ́ èyí, ìdí tí mo fi fi tìrẹ sí ẹ̀yìn tirẹ̀ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe torí pé iye ẹnu-ọ̀nà kò yí padà. Mẹ́jọ ni tẹ́lẹ̀, mẹ́jọ náà ni lẹ́yìn iṣẹ́. Ṣípù tó tóbi ní ìlọ́po méjì nínú, tí bọ́ọ̀lù 180 rẹ̀ sì rí bákan náà lábẹ́, ló wá jókòó sí ẹnu-ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí fún mi. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, káàdì tèmi ni mo fi ṣe é nígbà méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kíní, mo fi wákàtí mẹ́fà gbáko yọ ṣípù mẹ́jọ, mo nu ojú ibi tí wọ́n jókòó sí, mo lẹ àwọn tuntun. Mo tan ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan ń lọ, 8GB ni Windows kọ. N kò tíì ṣí àwọn resistor kéékèèké kan nípò. Àwọn ni GPU máa ń kà nígbà tí iná bá kọ́kọ́ dé ara rẹ̀, láti mọ irú ṣípù tó yí i ká. Kò sí ohun tó ń kà á fún un lẹ́yìn wọn. Mo gbé wọn sí ipò tó yẹ, ó di 16GB, káàdì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi yá jù. Lẹ́ẹ̀dì ilé iṣẹ́ kì í yọ́ títí yóò fi gbóná dé nǹkan bíi 217°C, bódù náà sì nípọn, ó ń fa ooru náà lọ. N kò mú un gbóná láti ìsàlẹ̀ tó kí n tó fi afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i lókè. Nígbà tí mo ń nu ibi tí ṣípù kẹta wà, ojú irin kan bá a ṣí kúrò lára bódù. Irin tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wáyà dátà ni, inú bódù ló sì gbà kọjá. Káàdì náà kú. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, mo sì ń rò ó pé ká ní káàdì ẹni tó fi ń ṣiṣẹ́ jẹun ni, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó.

Nítorí náà, má gbà á lọ́wọ́ oníbàárà nísinsìnyí. Kó àwọn káàdì tó ti kú jọ, kí o máa yọ ṣípù kúrò lára wọn, kí o máa dá a padà, títí ojú irin kankan kò fi ní bá ọ ṣí mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì tí ṣípù rẹ̀ kan bàjẹ́, tó ń da àwọ̀ àti ìlà kéékèèké sí síkírínì, kí o máa fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ó sì ń gba káàdì là. Fi memtest_vulkan, ètò tó ń dán mẹ́mọ́rì káàdì wò, dán an wò kí o tó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Tí ó bá wá kan ti sísọ ọ́ di ńlá, mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo káàdì ló máa gbà. BIOS káàdì náà gbọ́dọ̀ ti mọ ṣípù tuntun yẹn láti ilé iṣẹ́, torí BIOS Nvidia òde òní ní òǹtẹ̀ lára, o kò lè kọ ohun tó wù ọ́ sí i. Ohun tí o bá rí pé ó ṣeé ṣe lórí 3070, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dájú lórí òmíràn.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Bàbá mi fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sílẹ̀ fún mi, ó ṣì ń tàn. Káàdì S3 Trio64V+ ló wà nínú rẹ̀, 1MB, sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló sì ṣófo. Gbogbo ìgbà ni bàbá ń sọ pé òun máa kún un, kò rí i ṣe. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é láìba nǹkan jẹ́? Ṣé irú káàdì báyìí ò tún ní padà wá mọ́?

Ìdáhùn: N ó kọ́kọ́ dáhùn èyí tó gbẹ̀yìn. Àwọn kan ń gbìyànjú. Ní 2016, AMD fi ihò SSD sórí Radeon Pro SSG, ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ nìyẹn, kò yá tó mẹ́mọ́rì. Ní December 2023, JEDEC, àjọ tó ń ṣe òfin mẹ́mọ́rì, gbé ìlànà CAMM2 jáde: pátákó pẹlẹbẹ ni, síkúrù ni wọ́n fi ń dè é mọ́ bódù, ọ̀nà tí iná ń gbà nínú rẹ̀ sì kúrú ju ti ráàmù láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lọ. Láptọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ dé. Ní 2025, Bolt Graphics kéde káàdì kan tí wọ́n pè ní Zeus, tó ní mẹ́mọ́rì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bódù, tó sì tún ní ihò SO-DIMM, irú ti ráàmù láptọ́ọ̀pù, fún èyí tí ènìyàn lè fi kún un. Èrò yẹn wù mí gan-an: èyí tó yá wà nítòsí GPU, èyí tó pọ̀ tí kò yá tó o wà nínú ihò. Mo fẹ́ kí ó ṣẹ.

Wàyí o, ti bàbá yín. Ẹ wo ara àwọn ṣípù tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ bódù tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà ara wọn sílẹ̀ pátá. Méjì irú rẹ̀ ni ẹ máa wá, 256K × 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 512KB. Ẹsẹ̀ 40 ló ní, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n wọ abẹ́ bí lẹ́tà J. Bí àwọn ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ EDO, irú mẹ́mọ́rì ayé ìgbà yẹn kan, EDO náà ni kí tuntun jẹ́, kí ìyára wọn sì má ṣe rẹlẹ̀ ju tiwọn lọ: nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára ṣípù, bíi 50 tàbí 60, ló ń sọ ọ́, èyí tó kéré ló yá jù.

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Ẹ fi ọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó mú ṣípù dání. Orí ṣípù ní àmì róbótó kékeré kan ní igun, sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì ní igun kan tí wọ́n gé. Kí àwọn méjèèjì kọjú síbì kan náà. Ẹ gbé ṣípù lé e gbọọrọ, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ igun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Á dún kẹ́. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ìlà àkọ́kọ́ tó máa yọ lókè síkírínì, kí Windows tó dé, ni ti káàdì yẹn, iye mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí 1MB bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ pa á, ẹ fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ṣípù náà ní igun díẹ̀díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ kan tẹ̀, kí ẹ tún un tẹ̀ wọlé. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti pẹ́ láìlo. Ẹ kọ ohun tó bá kọ síbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.